Ère Cupid àti Psyche tí Canova fi mábù gbẹ́: àwọn ìbéèrè tí ẹ máa ń bi wá léraléra

Ère wo là ń sọ gan-an?

Èyí tí ẹ máa ń rí lórí status àwọn èèyàn tí Valentine bá ti ń sún mọ́lé ni. Ọmọkùnrin kan tó ní ìyẹ́ gígùn méjì kúnlẹ̀ sórí àpáta, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí, ọmọbìnrin náà wá na ọwọ́ méjèèjì sókè ó fi wọ́n yí orí ọkùnrin náà ká. Cupid lọkùnrin, Psyche lobìnrin.

Antonio Canova, ọmọ Ítálì, ló gbẹ́ ẹ ní Róòmù. Ọdún 1787 ni wọ́n gbé iṣẹ́ ẹ̀ fún un, 1793 ló parí ẹ̀. Mábù funfun ni, ó ga tó 155 sẹ̀ǹtímítà, ó fẹ̀ tó 168, myúsíọ̀mù Louvre ní Paris ló wà. "Psyche tí kíìsì Cupid jí" lorúkọ tí wọ́n sábà máa ń pè é, orúkọ yẹn ní wàhálà tiẹ̀, a máa dé bẹ̀.

Ta ni Canova?

Ọdún 1757 ni wọ́n bí i ní Possagno, ìlú kékeré kan ní agbègbè Venice. Bàbá ẹ̀ kú nígbà tó ṣì kéré gan-an, bàbá bàbá ẹ̀ tó jẹ́ agbẹ́kùúta ló tọ́ ọ, torí náà ọwọ́ ẹ̀ ti mọ òkúta kó tó mọ̀wé. Nígbà tó fi máa kú ní 1822, kò sí agbẹ́re tó lórúkọ tó o ní gbogbo Yúróòpù, àwọn ọba àti póòpù ń tò sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀. Possagno ni wọ́n sin ín sí, àmọ́ ọkàn ẹ̀ wà lọ́tọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì Frari ní Venice (bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n yọ ọkàn ẹ̀, àṣà àwọn èèyàn ńlá ìgbà yẹn ni).

Ṣé áńgẹ́lì ni ọmọkùnrin tó níyẹ̀ẹ́ yẹn?

Rárá o. Òrìṣà ìfẹ́ àwọn ará Róòmù ni, Eros làwọn Gíríìkì ń pè é, Venus òrìṣà ẹwà lìyá ẹ̀. Ọmọ ìkókó roboto tí wọ́n máa ń yà sórí káàdì Valentine, òun náà ni, àmọ́ nínú ìtàn yìí ó ti dàgbà tó ẹni tó ń fẹ́yàwó, ìdí nìyẹn tí Canova fi gbẹ́ ẹ bí ọ̀dọ́kùnrin. Ẹ wo apó ọfà tó wà lára ẹ̀, ìyẹn lẹ máa fi dá a mọ̀ níbikíbi tẹ́ ẹ bá ti pàdé ẹ̀.

Psyche ńkọ́, ṣé òrìṣà lòun náà?

Èèyàn bíi tiwa ni. Ọmọ ọba, àbíkẹ́yìn nínú ọmọbìnrin mẹ́ta. Ìparí ìtàn ló tó di ẹni tí kì í kú mọ́.

Ẹ sọ ìtàn náà fún wa ní kúkúrú.

Kúkúrú kẹ̀, ìtàn yìí ò mọ kúkúrú, àmọ́ ẹ jẹ́ ká gbìyànjú. Ẹwà Psyche pọ̀ débi pé àwọn èèyàn pa ojúbọ Venus tì, ọ̀dọ̀ ọmọ yìí ni wọ́n ń lọ júbà. Inú bí Venus burúkú, ó rán Cupid ọmọ ẹ̀ pé kó lọ fi ọfà jẹ́ kí Psyche kó sínú ìfẹ́ ọkùnrin tó burú jù láyé. Cupid lọ o, bẹ́ẹ̀ òun gan-an nìfẹ́ mú. Láàárín ìgbà yẹn gbogbo èèyàn ń yin ẹwà ọmọ náà, kò sẹ́ni tó ń tọrọ ẹ̀, bàbá ẹ̀ bá lọ bèèrè lọ́wọ́ Apollo, òrìṣà tó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀, Apollo ní kí wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ òkú kí wọ́n fi sílẹ̀ lórí òkè, pé ẹ̀dá abàmì kan ló máa fẹ́ ẹ. Wọ́n sunkún wọ́n gbé e lọ. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ Zephyr ló wá gbé e, ó rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí ààfin kan tí àwọn tí ojú ò rí ti ń gbé oúnjẹ síwájú ẹ̀ tí wọ́n ń kọrin fún un.

Alaalẹ́ lọkọ ẹ̀ máa ń wá, nínú òkùnkùn, kílẹ̀ tó mọ́ ó ti lọ. Òfin kan ṣoṣo ló fún un, pé kò gbọ́dọ̀ wá bó ṣe máa rí ojú òun. Àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ méjì wá kí i, wọ́n rí ọlá tó wà nínú ẹ̀, ìlara wọ̀ wọ́n lẹ́wù, ni wọ́n bá ní ejò ńlá lo fẹ́ o, ó máa gbé ẹ mì. Lóru ó tan fìtílà, ó mú abẹ dání, ó gbé iná sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, Cupid ló rí. Bó ṣe ń wò ó ni òróró gbígbóná kan láti inú fìtílà já bọ́ sí èjìká ọkùnrin náà, ó ta jí, ó fò lọ.

Psyche wá a kiri títí ó fi bọ́ sọ́wọ́ ìyá ọkọ fúnra ẹ̀. Venus lù ú, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iṣẹ́ fún un. Èkíní, kó ṣa òkìtì àlìkámà, ọkà bálì, ẹ̀wà àti oríṣiríṣi hóró tí wọ́n dà pọ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kílẹ̀ tó ṣú, àwọn èèrà ló bá a ṣe é. Ìkejì, kó lọ mú irun góòlù lára àwọn àgùntàn tó ń pààyàn, esùsú etí odò ló kọ́ ọ lọ́gbọ́n tó fi rí i mú. Ìkẹta, kó lọ pọn omi Styx, odò ilẹ̀ àwọn òkú, tó ń ṣàn láti orí àpáta tí ẹsẹ̀ èèyàn ò lè dé, idì Jupiter ọba àwọn òrìṣà ló bá a pọn ọ́n. Ìkẹrin ló le jù, kó gbé kòlòbó kan lọ sí ilẹ̀ àwọn òkú lọ́dọ̀ Proserpina, ayaba ibẹ̀, kó lọ tọrọ ẹwà díẹ̀ wá fún Venus, kó má sì ṣí i lójú ọ̀nà.

Ó ṣí i. Ó ní kóun náà bù díẹ̀ níbẹ̀, kí ọkọ òun lè fẹ́ràn òun sí i. Kì í ṣe ẹwà ló bá níbẹ̀, oorun bí oorun ikú ni, ó ṣubú sójú ọ̀nà bí òkú. Cupid, tí egbò èjìká ẹ̀ ti jinná, gba ojú fèrèsé jáde nínú yàrá tí wọ́n tì í mọ́, ó fò wá bá a. Ibẹ̀ ni Canova ti dá ìtàn náà dúró. Lẹ́yìn ìyẹn Jupiter fún Psyche ní ambrosia, oúnjẹ àwọn òrìṣà, kó má bàa kú mọ́, wọ́n ṣègbéyàwó wọn lọ́run, Venus gan-an jó níbẹ̀, wọ́n sì bí ọmọbìnrin kan.

Ṣé lóòótọ́ ni pé kíìsì ló jí i?

Àwa ò gbà. Nínú ìtàn bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sílẹ̀, Cupid nu oorun náà kúrò lára ẹ̀, ó kó o padà sínú kòlòbó, ó wá fi ẹnu ọfà gún un fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì bá a wí díẹ̀ pé wò ó, àìlèmójúkúrò ẹ tún ti fẹ́ pa ẹ́. Ẹnikẹ́ni ò fẹnu ko ẹnikẹ́ni lẹ́nu nínú gbogbo ìyẹn.

Ẹ tún wo ère náà fúnra ẹ̀ dáadáa. Ètè wọn ò kan ara wọn. Àlàfo kékeré kan wà níbẹ̀, Canova mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni, ó ti jí, wọn ò tíì fẹnu kora. Tẹ́ ẹ bá ti wò ó pẹ̀lú èrò pé kíìsì lẹ ń wò, ẹ máa pàdánù nǹkan tó dáa jù nínú ẹ̀. Àwa rò pé orúkọ yẹn ti ṣe ère yìí ní jàǹbá díẹ̀, àmọ́ ó ti mọ́ gbogbo ayé lẹ́nu, kò sí bá a ṣe fẹ́ ṣe é.

Ta ló kọ ìtàn náà?

Ọmọ Áfíríkà ni o! Apuleius ni, wọ́n bí i ní Madauros, ilẹ̀ tó wà ní Algeria lónìí, ó gbé láyé ní nǹkan bí 1,850 ọdún sẹ́yìn nígbà tí Róòmù ń ṣàkóso ibẹ̀. Èdè Látìn ló fi kọ ọ́. Àárín ìtàn mìíràn ló fi í sí, ìyá arúgbó kan ló ń sọ ọ́ fún ọmọbìnrin kan tí àwọn adigunjalè jí gbé, ó fi ń tù ú nínú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kọ̀wé sí wa pé kí ló kàn wá nínú àlọ́ òyìnbó, ẹ ti gbọ́ ibi tó ti wá báyìí.

Kí ni nǹkan bí ìkòkò tó wà lẹ́yìn Psyche?

Kòlòbó Proserpina nìyẹn, èyí tí oorun wà nínú ẹ̀. Fọ́tò iwájú kì í sábà gbé e jáde, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò fi mọ̀ pé ó wà ńbẹ̀. Ọfà tí Cupid fi gún un náà wà nílẹ̀ nítòsí wọn. Ẹni tó bá mọ ìtàn, nǹkan méjèèjì yìí ti tó fún un láti mọ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n wà níhòòhò? Ṣé ó bójú mu?

Bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ àwọn òrìṣà nílẹ̀ Gíríìsì àti Róòmù àtijọ́ nìyẹn, àwọn agbẹ́re ìgbà ayé Canova sì ń wo iṣẹ́ àtijọ́ bí àwòkọ́ṣe. Àwòrán ara ògiri kan láti Herculaneum, ìlú tí òkè Vesuvius bò mọ́lẹ̀ ní ọdún 79, wà lára ohun tó fún un ní èrò bó ṣe máa to ara àwọn méjèèjì pọ̀. Psyche ní aṣọ ní ìbàdí sha. Tẹ́ ẹ bá ń fi han àwọn ọmọdé, ẹ kàn ṣàlàyé fún wọn, kò sí nǹkan tó burú níbẹ̀.

Báwo ni òkúta ṣe lè rí bí ara èèyàn báyẹn?

Mábù Carrara ni Canova máa ń lò, mábù yẹn máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọ inú ẹ̀ díẹ̀ kó tó ta á padà, awọ ara èèyàn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí tí ojú fi ń tàn wá nìyẹn. Àmọ́ mábù nìkan kọ́. Ẹ wo bí gbogbo ibẹ̀ ò ṣe rí bákan náà, ó dán ara wọn títí ó fi jọ̀lọ̀, àpáta tí wọ́n wà lórí ẹ̀ ló fi sílẹ̀ ṣákálá pẹ̀lú ojú irin lórí ẹ̀, aṣọ tún yàtọ̀, ìyẹ́ tún yàtọ̀. Bí àpáta yẹn náà bá dán ni, ara wọn ò ní jọ ara mọ́.

Ìyẹ́ yẹn, ó tín-ín-rín débi pé ìmọ́lẹ̀ máa ń là á kọjá tí oòrùn bá tan láti ẹ̀yìn. Wọ́n ní Canova máa ń fi iná àbẹ́là ṣe àṣekágbá iṣẹ́ ẹ̀ lálẹ́, torí iná tó bá ti ẹ̀gbẹ́ wá máa ń fi gbogbo kọ̀rọ̀ àti òkè han. Ó tún máa ń fi omi tí wọ́n fi pọ́n irin iṣẹ́ pa ara ère kí funfun ẹ̀ má bàa gún èèyàn lójú.

Ṣé Canova fúnra ẹ̀ ló gbẹ́ gbogbo ẹ̀?

Rárá, ìyẹn ò sì sọ ọ́ di ayédèrú. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé: á kọ́kọ́ fi amọ̀ mọ èyí kékeré, lẹ́yìn náà á fi amọ̀ mọ èyí tó tó ìwọ̀n gan-an, wọ́n á wá fi P.O.P yọ ọ́ jáde (P.O.P tí ẹ fi ń ṣe sílíìnì náà ni). Wọ́n á kan ìṣó kéékèèké sára P.O.P yẹn káàkiri, àwọn ọmọ iṣẹ́ á máa fi wọn jíjìn ibì kan sí ibì kejì, wọ́n á gbé ìwọ̀n yẹn sórí mábù, wọ́n á máa gé e kúrò díẹ̀díẹ̀ títí á fi kù fẹ́ẹ́rẹ́.

Fẹ́ẹ́rẹ́ tó kù yẹn ni Canova máa ń gbà lọ́wọ́ wọn. Ojú, ètè, ìka, irun, bí awọ ṣe máa rí, òun ló ń ṣe ìyẹn, kì í fún ẹnikẹ́ni ṣe.

Ta ló ní kó gbẹ́ ẹ, báwo ló ṣe wá dé Paris?

John Campbell, ọ̀gágun ará Britain kan tó rìnrìn àjò lọ Ítálì, tó padà di Lord Cawdor, ló gbé iṣẹ́ náà fún un ní 1787. Àmọ́ ère náà ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ rí. Joachim Murat ló gbà á sọ́wọ́, ọ̀gágun Napoleon ni, ó tún jẹ́ ọkọ àbúrò Napoleon, òun ni wọ́n padà fi jọba Naples ní 1808. Wọ́n yìnbọn pa Murat ní 1815 lẹ́yìn tí Napoleon ṣubú, ère náà wá wọ Louvre ní 1824.

A gbọ́ pé ó wà ní Rọ́ṣíà náà, ó tún wà ní New York. Èwo lojúlówó?

Mábù méjì ló tọwọ́ Canova wá. Èkíní ni ti Louvre. Ọmọ aládé Rọ́ṣíà kan, Nikolai Yusupov, rí i ní Róòmù, ó ní kí wọ́n ṣe tòun náà, ìyẹn jáde ní 1796, ó wà ní Hermitage ní St Petersburg. Méjèèjì lojúlówó, nígbà yẹn kò sí ìtìjú kankan nínú kí agbẹ́re ṣe iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀mejì tówó bá wà ńbẹ̀.

Èyí tó wà ní Metropolitan Museum ní New York, P.O.P ni, èyí tí wọ́n fi ṣe ìwọ̀n mábù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà, ẹ má fojú kéré ẹ̀ torí pé kì í ṣe mábù, ara ẹ̀ lẹ ti máa mọ bí iṣẹ́ náà ṣe lọ. Isidor Straus ló fún wọn lẹ́bùn ní 1905. Òun àti Ida ìyàwó ẹ̀ ló kú nínú ọkọ̀ Titanic ní 1912, wọ́n fún Ida láyè nínú ọkọ̀ kékeré, ó lóun ò ní fi ọkọ òun sílẹ̀.

Ti Villa Carlotta létí adágún Como ní Ítálì, Adamo Tadolini tó jẹ́ ọmọ iṣẹ́ Canova ló gbẹ́ ìyẹn, pẹ̀lú àṣẹ ọ̀gá ẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní mábù, tó fúyẹ́ bí páálí, ẹ ti mọ̀.

Ṣé Canova ò tún gbẹ́ àwọn méjèèjì lórí ìdúró?

Ó gbẹ́ ẹ. Ìyẹn tún wà ní Louvre, iṣẹ́ ìparí àwọn ọdún 1790 ni. Nínú ẹ̀ wọ́n dúró ti ara wọn, Cupid gbé orí lé èjìká Psyche, Psyche wá ń fi labalábá kan sí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀. Ọkàn èèyàn ni labalábá dúró fún nínú iṣẹ́ ọnà Gíríìkì, ẹ kíyè sí i pé ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi gbé e fún un. Ó tutù ju ti àkọ́kọ́ lọ, àwọn kan fẹ́ràn ẹ̀ jù, àwa kọ́.

Ṣé òun náà ni ère tí ọmọbìnrin ń di igi? Àbí ti Rodin?

Mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ọmọbìnrin tó ń di igi, Apollo àti Daphne nìyẹn, Bernini ló gbẹ́ ẹ láàárín 1622 sí 1625, Galleria Borghese ní Róòmù ló wà, ìfẹ́ tọ̀tún-tòsì sì kọ́ ni ìyẹn, obìnrin ń sá ọkùnrin ń lé ni. Ti Rodin tí wọ́n jókòó tí wọ́n ń fẹnu kora, Paolo àti Francesca ni, olólùfẹ́ méjì inú ewì Dante ọmọ Ítálì, wọn ò sí nínú ìtàn òrìṣà Gíríìkì tàbí Róòmù rárá.

Ṣé Venus náà ni Ọ̀ṣun?

Ẹ jọ̀ọ́, rárá. Àwọn méjèèjì ní ẹwà àti ìfẹ́ lọ́wọ́, ibẹ̀ ni ìjọra wọn parí sí. Venus inú ìtàn yìí, ìyá ọkọ tó lu ìyàwó ọmọ ẹ̀ tó tún ní kó lọ ṣa hóró ni. Ẹ má bá wa da ìtàn pọ̀.

Mo fẹ́ lọ wò ó, kí ni mo gbọ́dọ̀ mọ̀?

Apá Denon ní Louvre, nísàlẹ̀, nínú gbọ̀ngàn Michelangelo níbi tí àwọn ẹrú méjì tí Michelangelo gbẹ́ wà. Ọjọ́ Tuesday wọn kì í ṣí. Ẹ lè ya fọ́tò àmọ́ ẹ pa fláàṣì, ẹ má sì fọwọ́ kàn án. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń sáré lọ wo Mona Lisa ni wọ́n fi ń kọjá níbẹ̀ láìdúró.

London lẹ wà? Cupid àti Psyche ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n myúsíọ̀mù V&A ní Theseus àti Minotaur tí Canova gbẹ́, wọ́n tún jọ ní Three Graces pẹ̀lú Scotland, nígbà míì ó wà ní London, nígbà míì ó wà ní Edinburgh, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó gbéra.

Irin bí ìdìmú tó wà nísàlẹ̀ nítòsí ẹsẹ̀ Psyche, kí ni wọ́n fi ń ṣe?

Ẹ lójú o. Wọ́n fi ń yí ère náà ni. Wọ́n ṣe é kó lè máa yí lórí ìdí ẹ̀, ẹni tó bá ń wò ó á dúró sójú kan, wọ́n á wá máa yí ère fún un. Lónìí ère ti dúró, àwa la wá ń yípo.

Níbo gan-an wá ni iwájú ẹ̀?

Èyí ni àríyànjiyàn tó pẹ́ jù. Fọ́tò tí gbogbo ayé mọ̀, tí ìyẹ́ Cupid, ẹsẹ̀ ẹ̀ àti ara Psyche jọ gé ara wọn kọjá bíi lẹ́tà X, tí ọwọ́ Psyche wá dà bí òrùka láàárín, àwọn oníwèé sábà máa ń mú ìyẹn bí iwájú. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá dúró síbẹ̀ nìkan, ẹ ò ní rí kòlòbó, ẹ ò sì ní rí ojú àwọn méjèèjì dáadáa.

Ẹni tó kọ́kọ́ bínú sí i gan-an lórí ọ̀rọ̀ yìí ni Carl Ludwig Fernow, ọmọ Jámánì kan tó kọ̀wé lórí Canova ní 1806. Ó ní èèyàn á máa yí i ká lásán, kò ní rí ibì kan ṣoṣo tó ti lè rí ojú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, pé ère tó dáa gbọ́dọ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń wò ó. Òótọ́ lohun tó rí. Àmọ́ ìdìmú tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yẹn ti fi hàn pé Canova mọ̀, kò fẹ́ kó ní iwájú ni. Táwọn tó lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ bá lè jókòó kí wọ́n máa yí i fún wọn, ẹ̀yin náà ẹ yí i ká, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, níbi tí kòlòbó wà.